Abo Ológbò Inú Ilé, àti Àwọn Ọmọ Tí Kò Sí Ẹni Tí Ó Fẹ́ Wọn

Kò sí àgbẹ̀ kan tí ó kó àgbàdo sí àká, tàbí tí ó kó èlùbọ́ àti gaàrí pamọ́ sí yàrá, tí kò mọ iyì ológbò. Àwọn àgbà ni ó wí pé bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Eku a máa jẹ irúgbìn tí a fi pamọ́ de òjò, a máa gé àpò, a sì máa tọ̀ sí orí oúnjẹ. Èyí tí ó burú jù ni pé irú eku kan ni ó ń gbé ibà Lásà kiri, àrùn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Bọ̀rnó, tí ó sì ti ṣọṣẹ́ gidigidi ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Ológbò nìkan kò tó láti dènà àrùn náà; oúnjẹ tí a dé dáradára sínú ohun tí eku kò lè gé ni odi àkọ́kọ́. Síbẹ̀ olùrànlọ́wọ́ tí kì í gba owó ọ̀yà ni ológbò jẹ́, kò sì yẹ kí a lé e kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ya ni lẹ́nu. Ilé kan náà tí ń yin ìyá ológbò nítorí eku tí ó pa ni ilé tí ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú àpò, tí ó sì ń gbé wọn jù sí odò. Àwọn ẹlòmíràn kò lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọn a gbé àwọn ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìn ọjà ní alẹ́, tàbí sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìrètí pé ẹlòmíràn yóò ṣàánú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ajá a ti pa méjì. Ebi a sì pa nínú ìyókù. Èyí tí ó bá yè yóò di ológbò tí kò ní olúwa, tí ń jí ẹja gbé, tí ń gbé òròmọdìyẹ, tí ó sì ń bí irú ara rẹ̀ sínú igbó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe èyí kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ẹnu márùn-ún ni ó yọ sí wọn nínú ilé lójijì, wọn kò sì ní ohun tí wọn yóò fi sí i. Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, ni àwọn Yorùbá ń wí nípa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kò yọ ilé tí ológbò ń bímọ sí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àìní kì í sọ ìkà di rere. Ìwé òfin tí a ń pè ní Criminal Code, ní abala 495, ka híhùwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí òfin kò bá tilẹ̀ sí, kò dára kí àwọn ọmọdé inú ilé máa wò bí àgbà ti ń ri ohun ẹlẹ́mìí sómi.

Ohun tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ni pé, nígbà tí ọmọ bá ti délẹ̀ tán, ọ̀nà rere tí ó kù kò pọ̀, gbogbo wọn ni ó sì nira. Ìgbà tí oyún kò tíì sí rárá ni iṣẹ́ náà rọrùn, ìgbà náà ni ó sì pọ́ọ́kú lówó. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí yóò sì pẹ̀ka ìrókò yìí ní àkókò, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń dàgbà.

Abo ológbò a máa tètè bàlágà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Òmíràn lè gba akọ nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́rin péré. Èyí tí ó pọ̀ jù ni ó ti ń wá akọ kí ó tó pé ọdún kan. Kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò: akọ àti abo tí a bí ní ọjọ́ kan náà yóò gun ara wọn bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ pọ̀. Oyún rẹ̀ kì í ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, ó sì wọ́pọ̀ pé kí ó bí ọmọ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan gbàgbọ́ pé abo tí ń fún ọmọ lọ́mú kò lè lóyún. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ó lè tún gba akọ ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí àwọn ọmọ ti ìṣáájú kò tíì kúrò lẹ́nu ọmú.

Kí àgbẹ̀ kí ó ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Bí oyún bá gba ọ̀sẹ̀ 9, tí títọ́ ọmọ sì gba ọ̀sẹ̀ 8, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 17. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún. A jẹ́ pé abo kan lè bímọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Bí ó bá ń bí mẹ́rin mẹ́rin, ọmọ 12 ni ní ọdún kan, 60 sì ni ní ọdún márùn-ún, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ṣoṣo, láì tíì ka ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ tí í ṣe abo yóò bí. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kú kí wọn tó dàgbà. Ṣùgbọ́n irú ikú bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohun tí ó yẹ kí a dènà.

Ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ní ilẹ̀ Yorùbá ju ti ìlú òyìnbó lọ. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ó ń sọ fún ara abo ológbò pé àkókò tó láti wá akọ. Ní ìlú London, ọ̀sán kì í tó wákàtí 8 ní ìparí oṣù Kejìlá, a sì máa gùn ju wákàtí 16 lọ ní oṣù Kẹfà. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ológbò ibẹ̀ a máa sinmi ní ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀sán tí ó gùn jù lọ nínú ọdún àti èyí tí ó kúrú jù lọ kò pé wákàtí kan. Nítorí náà kò sí oṣù ìsinmi níhìn-ín, ìbáà ṣe ìgbà òjò tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá kà á nínú ìwé òkèèrè pé ológbò kì í lóyún ní àkókò báyìí nínú ọdún, kí ó má ṣe gbé ọkàn lé e.

Bí àkókò bá tó, àmì rẹ̀ kò fara sin. Abo náà a máa ké kíkankíkan ní òru bí ẹni tí ara ń ni. A máa yí gbirigbiri nílẹ̀, a máa fi ara nu ẹsẹ̀ ènìyàn, a sì máa gbé ìdí sókè bí a bá fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Èyí lè gba bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá rí akọ, yóò rọlẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn akọ àdúgbò a gbọ́, wọn a sì wá bá ara wọn jà lórí òrùlé. Igbe yìí ni àwọn mìíràn ń gbọ́ lóru tí wọ́n fi ń wí pé àwọn àjẹ́ ń ṣe ìpàdé. Kì í ṣe àjẹ́. Ẹran tí ń wá akọ ni. Ilé tí ó bá mọ èyí kò ní sọ òkò lu ẹran tí kò ṣẹ̀.

Ní ti ọ̀nà láti dènà oyún, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tí kò yẹ ní lílò, nítorí òun ni ó pọ́ọ́kú jù lójú, òun náà ni ó sì ń náni lówó jù ní ìgbẹ̀yìn. Àwọn kan a máa lọ sí ilé oògùn láti ra abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tí a ṣe fún obìnrin, wọn a sì gún un fún ológbò ní ìwọ̀n tí ọkàn wọn bá sọ. Ológbò tí ó wọn kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í ṣe ẹgbẹ́ obìnrin tí ó wọn ọgọ́ta. Oògùn tí ó sábà máa ń wà nínú irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, medroxyprogesterone acetate, àti ìbátan rẹ̀ tí ń jẹ́ megestrol acetate, a máa dá wíwá akọ dúró lóòótọ́. Ní àwọn ilẹ̀ kan oníṣègùn ẹran a máa lo èkejì ní ìwọ̀n tín-ín-rín fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá pọ̀, tàbí bí ó bá pẹ́, ó lè mú kí ilé ọmọ kún fún ọyún àti ìdọ̀tí, ó lè fa jẹjẹrẹ ọmú, ó sì lè fa àtọ̀gbẹ. Bí a bá sì gún un fún abo tí ó ti lóyún láìmọ̀, àwọn ọmọ lè pẹ́ nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí wọn kú síbẹ̀, kí ìyá pàápàá sì bá wọn lọ. Owó abẹ́rẹ́ kò pọ̀. Owó àtúnṣe ohun tí ó bàjẹ́ ni ó pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó láìsí oníṣègùn ẹran níbẹ̀.

Bákan náà ni ti àgbo àti ewé. Kò yẹ kí a fi ológbò dán ohun tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ wò, nítorí inú rẹ̀ kì í lè sọ oògùn di aláìléwu bí inú ènìyàn ti í ṣe. Paracetamol tí ènìyàn ń gbé mì fún orí fífọ́, májèlé tí ń pani ni ó jẹ́ fún ológbò.

Ọ̀nà rere kìíní kò gba owó, ìṣọ́ra ni ó gbà. Bí àwọn ọmọ ológbò bá ti pé oṣù mẹ́rin, kí a ya akọ kúrò lọ́dọ̀ abo. Bí abo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kí a tì í mọ́ yàrá tí a ta wáyà sí fèrèsé rẹ̀, tàbí kí a fi igi àti wáyà kan àgò tí ó fẹ̀ fún un, kí oúnjẹ, omi mímu àti àwo yanrìn wà níbẹ̀, títí igbe náà yóò fi dáwọ́ dúró, tí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta yóò sì lé e. Kí ibẹ̀ má ṣe há, kí oòrùn má sì ta sí i. Èyí dára, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ. Ọmọdé kan tí ó gbàgbé ilẹ̀kùn ní alẹ́ ọjọ́ kan ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Ológbò tí a sì tì mọ́ yàrá kò lè pa eku inú àká. Ohun tí a fi ń dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni títì mọ́lé jẹ́; kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí ó parí ọ̀rọ̀ náà, èyíinì ni iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oníṣègùn ẹran yóò fún abo náà ní oògùn oorun, yóò la ikùn rẹ̀ níwọ̀nba, yóò sì yọ ilé ẹyin rẹ̀, tàbí ilé ẹyin pẹ̀lú ilé ọmọ. Láti ọjọ́ náà kò tún ní lóyún mọ́ títí yóò fi kú. Àkókò tí ó dára jù ni kí ó tó pé oṣù márùn-ún, kí ó tó wá akọ rárá. Àwọn kan ń wí pé kí ó kọ́kọ́ bímọ lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ kò rí èrè kankan nínú èyí. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn olùwádìí tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 rí i pé jẹjẹrẹ ọmú dínkù ní ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin àwọn ológbò tí a ṣe iṣẹ́ náà fún kí wọn tó pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ológbò wà ní ibi gbígbẹ tí ó mọ́ fún bí ọjọ́ 10 sí 14, kí ó má ṣe fò láti ibi gíga, kí ó má sì lá ojú rírán náà. Bí ojú rẹ̀ bá wú, tàbí bí omi bá ń jáde níbẹ̀, kí a tètè padà sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Níwọ̀n bí owó kò ti pọ̀, ìbéèrè tí ó ṣe kókó ni èyí: èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe, akọ ni tàbí abo? Ọ̀pọ̀ ni yóò wí pé akọ, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ rọrùn, owó rẹ̀ sì kéré. Èrò yìí kò tọ̀nà. Bí ológbò mẹ́wàá tí í ṣe akọ bá wà ní abúlé kan, tí a sì tẹ mẹ́sàn-án lọ́dàá, ẹyọ kan tí ó kù lè fún gbogbo abo ibẹ̀ lóyún. Ṣùgbọ́n abo kọ̀ọ̀kan tí a ṣe iṣẹ́ fún jẹ́ ìyá kan tí kò ní bímọ mọ́, iye akọ yòówù tí ó lè wà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ abo ni kí owó kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kí a tẹ akọ náà lọ́dàá, nítorí èyí yóò dín ìjà, ìrìn òru àti títọ̀ káàkiri ilé kù. Kí ó má ṣe fi ara kan abo fún ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà, nítorí ó lè ṣì fún un lóyún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi abẹ ìfárí ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà jù, egbò sì lè di ikú.

Yóò wá ku ti owó. Òtítọ́ ni pé iye tí oníṣègùn ń béèrè fún ológbò kan lè wúwo lójú ẹni tí ó rà á ní owó pọ́ọ́kú, tàbí tí a fi ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n owó kan náà ni oníṣègùn yóò fi wọ ọkọ̀ wá sí abúlé, ìbáà jẹ́ ológbò kan ni ó wá ṣe tàbí mẹ́wàá. Àwọn tí ń dá èésú fún ìyàwó gbígbé àti ilé kíkọ́ lè dá a fún èyí pẹ̀lú: kí ilé mẹ́wàá máa dá ìwọ̀nba owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ọjọ́ tí ọmọ ológbò ti kúrò lẹ́nu ọmú, kí ó tó pé oṣù márùn-ún, owó yóò ti pọ̀ tó láti fi bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo wọn. Ilé ìwòsàn ẹran ńlá wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ojú àwọn olùkọ́ wọn. Kí aṣojú ẹgbẹ́ kan lọ béèrè níbẹ̀, àti lọ́wọ́ oníṣègùn ẹran tí ó bá sún mọ́ wọn jù, iye tí yóò gbà bí ológbò púpọ̀ bá pé lọ́jọ́ kan. Kí wọn sì béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ní ọjọ́ kan náà, nítorí ológbò tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ lè kó àrùn náà ran ènìyàn. Ẹni tí ó bá fi owó yìí wé oúnjẹ ọmọ 12 lọ́dún, àti òròmọdìyẹ tí wọn yóò gbé, yóò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ni ó wọ́n.

Àwọn kan yóò wí pé èyí lòdì sí bí a ti dá ẹran. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ti tẹ òbúkọ lọ́dàá kí ó lè sanra, tí ó ti ya àgbò kúrò lọ́dọ̀ àgùntàn kí ó má bàa bímọ ní àkókò tí koríko gbẹ, ti gbà tẹ́lẹ̀ pé olúwa ẹran ni ó ń bójú tó bíbí rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ológbò tí a ṣe báyìí kò ní pa eku mọ́. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Wíwá akọ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọdẹ ṣíṣe. Bí a kò bá bọ́ ọ ní àbọ́jù kí ó sanra ju bí ó ti yẹ lọ, yóò máa pa eku bí ti àtẹ̀yìnwá. Ilé tí ó bá sì fẹ́ ọmọ ológbò ní tòótọ́ kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ orúkọ ẹni tí yóò gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó jẹ́ kí abo náà rí akọ.

Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí ó rọrùn ju èyí lọ yóò dé lọ́jọ́ iwájú. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kéde abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kan tí wọ́n dán wò. Abo mẹ́fà tí ó gbà á kò lóyún ní gbogbo ọdún méjì tí a fi ṣọ́ wọn, mẹ́ta tí kò gbà á sì bímọ. Ohun ìwádìí ni wọ́n kéde, kì í ṣe ohun tí a gbé wá sí ọjà. Abo ológbò tí ó ń ké nínú àká lónìí kò ní dúró dè é.

Ní ti àwọn ọmọ tí a ti bí, kí a jẹ́ kí wọn wà lọ́dọ̀ ìyá wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí a sì fi wọ́n fún ilé tí eku ń dà láàmú, pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún èyí tí í ṣe abo ní àkókò. Kí aboyún inú ilé má ṣe kó ìgbẹ́ wọn, nítorí kòkòrò kan tí ń jẹ́ Toxoplasma lè wà nínú rẹ̀, tí ó lè pa ọmọ inú oyún lára. Kí ẹlòmíràn kó o lójoojúmọ́, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Lẹ́yìn èyí, kí a má ṣe jẹ́ kí ìyá náà tún lóyún kí a tó rántí rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.